Èsì wa sí ìràwọ̀ méjì: họ́ọ̀bù ẹ̀yìn tí kò wọ férémù

Ẹ kú ìnáwó o, ọ̀gá wa, ẹ sì kú ìfaradà. A ti ka ohun tí ẹ kọ nígbà tí ẹ fún ṣọ́ọ̀bù wa ní ìràwọ̀ méjì: pé họ́ọ̀bù ẹ̀yìn (irin àárín táyà tí wọ́n ń so sípóòkù mọ́) tí ẹ rà lọ́wọ́ wa fẹ̀ ju àyè tó wà lára kẹ̀kẹ́ yín lọ, pé ẹni tó ń bá yín tún kẹ̀kẹ́ ṣe fi igi ya férémù títí, kò wọlé, àti pé bí ẹ bá fọwọ́ yí i, ṣe ló ń ké tá-tá-tá.

Ẹ̀bi wa wà ńbẹ̀. Ọmọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù bi yín pé táyà ínǹṣì mélòó ni, ẹ ní 29, ó bá gbé họ́ọ̀bù fún yín. Ìbéèrè yẹn kọ́ ló yẹ kó bi yín. Àlàfo tó wà láàárín apá méjèèjì férémù lẹ́yìn la fi ń mọ họ́ọ̀bù. Mo wo fọ́tò tí ẹ gbé síbẹ̀, rúlà yín bọ́ sí mìlímítà 142. Èyí tí ẹ gbé lọ, 148 ni, òun ni wọ́n ń pè ní Boost. Mìlímítà 6 péré, kò tó ìbú ìka kékeré, àmọ́ kò ní wọ ọ́ láéláé.

Ẹ dákun, kí wọ́n má fi igi ya férémù yẹn mọ́! Kẹ̀kẹ́ onírin àwọn bàbá wa lè gba irú ẹ̀ díẹ̀. Álúmínọ́ọ̀mù ni tiyín. Tó bá sán, wẹ́dà àdúgbò ò lè jó o kó rí bó ṣe wà. Họ́ọ̀bù 135 tó wà nílé tí ẹ ní ẹ fẹ́ fi rọ́pò, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ̀pá tín-ín-rín ló wà fún, ìyẹn ọ̀pá tó ń gba àárín họ́ọ̀bù kọjá tó ń dè é mọ́ férémù. Ihò férémù tiyín, ọ̀pá mìlímítà 12 ló ń gbà á kọjá.

Ní ti ariwo, kò bàjẹ́. Eyín kéékèèké inú ẹ̀ ló ń ta bí ẹ ò bá wa pẹ́dàlì. Àwọn náà ló ń gbá táyà mú bí ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́. Họ́ọ̀bù tó ní ibi ìgbámú 36 nínú ìyípo kan á yí tó dígírì 10 lófo kó tó mú, ti 18 á yí tó 20. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí àpáta á mọ ìyàtọ̀ ẹ̀, àmọ́ mi ò ní sọ pé kí ẹ torí ẹ̀ fi owó oúnjẹ ra họ́ọ̀bù.

Ẹ gbé e padà wá, kódà bí páálí ẹ̀ ti ya. Inú mi dùn pé ẹ ò tíì so sípóòkù mọ́ ọn. A ní 142 nílẹ̀, oníhò sípóòkù 32. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá, ẹ ka jíà ẹ̀yìn: bó bá jẹ́ 12, tí èyí tó kéré jù ní eyín 10, orí họ́ọ̀bù (ibi tí jíà ń jókòó sí) tó máa gbà á yàtọ̀ sí ti jíà ilé-iṣẹ́ Shimano onípele 11. Ẹ ya fọ́tò dísìkì búrékì náà, ká lè mọ̀ bóyá súkúrúù mẹ́fà ló dè é. Owó ọkọ̀ tí ẹ bá fi gbé e wá, àwa la máa san án. A ti so rúlà mọ́ káńtà báyìí. Ọjọ́ Àìkú nìkan la kì í ṣí.