Orin "Trelawny" kì í ṣe orin ọdún 1688 o

Ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára gan-an. Gbogbo ìgbà tí fídíò àwọn ará Cornwall, ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn England, bá ti jáde, níbi tí wọ́n ti ń kọ "Trelawny" tí gbogbo pápá rugby ń mì tìtì, ẹnì kan á ti kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àwọn baba ńlá wọn ló ń kọ orin yẹn lọ́dún 1688 nígbà tí wọ́n ń gbógun lọ sí London láti lọ gba bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀.

Kò sógun tó lọ sí London lọ́dún yẹn. Lóòótọ́ ni Ọba James Kejì ju Jonathan Trelawny, bíṣọ́ọ̀bù Bristol tó jẹ́ ọmọ Cornwall, sẹ́wọ̀n pẹ̀lú bíṣọ́ọ̀bù mẹ́fà míì, àmọ́ kóòtù ló dá wọn sílẹ̀ ní 30 June 1688, kò sẹ́ni tó yọ idà.

Robert Stephen Hawker ló kọ orin náà, wọ́n bí i lọ́dún 1803, ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ò tíì di àlùfáà nígbà tó gbé e sínú ìwé ìròyìn kan lọ́dún 1826, kò sì forúkọ sí i, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo àṣìṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀. Davies Gilbert, tó máa ń kó orin àtijọ́ Cornwall jọ, tún un tẹ̀ pé orin àtijọ́ ni, Walter Scott tó ń kọ ìwé ìtàn àròsọ gbà bẹ́ẹ̀, Macaulay òpìtàn náà gbà, Charles Dickens òǹkọ̀wé sì gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ẹ̀ lọ́dún 1852 bí orin ìgbà ayé James. Hawker ò purọ́ fẹ́nikẹ́ni o, òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé ègbè yẹn, èyí tó ní tí Trelawny bá kú, 20,000 ọmọ Cornwall á fẹ́ gbọ́ ìdí ẹ̀, ti wà lẹ́nu àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀, pé ìyókù lòun kọ.

Bí 40 ọdún ló fi ṣe àlùfáà ní Morwenstow ní Cornwall, etíkun tó ń fọ́ ọkọ̀ ojú omi, òun àtàwọn ọmọ ìjọ ẹ̀ ló ń gbé òkú àwọn awakọ̀ tómi bá gbé wá gòkè òkúta kí wọ́n lè rí sàréè gidi sin wọ́n sí nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. (Ìkórè táwọn Áńgílíkà ń ṣe náà, ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ́pọ̀ èèyàn gbà pé ó ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dún 1843.) Irú èèyàn yẹn wá jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ta orin ẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i, òun ò rówó, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó dun òun.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ pín fídíò yẹn, ẹ kọ orúkọ Hawker sí i.