Oògùn Ọ̀fẹ́ àti Ẹ̀yìn Ààrò

Oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ẹ mọ̀ ọ́n: ohun tí kò ná ni ní kọ́bọ̀, èéfín ló máa ń jogún rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ti ń ta mí lára láti ọjọ́ Sátidé. Níbi ìsọmọlórúkọ kan n'Ìbàdàn, màmá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọ wọn, káfíńtà tí ọwọ́ rẹ̀ mọṣẹ́, ti fi ọtí inú ọ̀rá ba ara rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ti gbé e gun orí òkè àdúrà, wọ́n ti tan àbẹ́là, wọ́n ti san owó ewúrẹ́ méjì fún oníṣègùn kan tó ní òun á ṣe é tí ọtí á fi máa rùn sí i. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tó kù, wọ́n ti ń wá ẹni tó máa rà á. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ti mú un lọ sí ìpàdé àwọn tó ń bọ́ lọ́wọ́ ọtí?" Wọ́n bi mí pé èló ni. Mo ní ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán? Ọmọ mi, nǹkan tó ń ṣe tèmi ju ẹjọ́ wẹ́wẹ́ lọ."

Ká ní mo pe owó ńlá ni, wọn ì bá ti máa gba nọ́ńbà àkáǹtì lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe rí oògùn ọ̀fẹ́ yìí. Ní 1935, Bill Wilson, oníṣòwò ṣíà láti New York, bá òwò lọ sí ìlú Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, òwò náà sì dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tó ti jáwọ́ nínú ọtí. Ó dúró ní hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ọtí lápá kan, tẹlifóònù lápá kejì. Tẹlifóònù ló gbá mú, ó ń wá ọ̀mùtí bíi tirẹ̀ tí òun máa bá sọ̀rọ̀. Wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Bob Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ. Dókítà ní ìṣẹ́jú 15 lòun lè fún un. Wákàtí bíi mẹ́fà ni wọ́n lò. Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún náà, tí dókítà mu ìgbẹ̀yìn ọtí ayé rẹ̀, ni Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bọ́ lọ́wọ́ ọtí tí wọ́n ń pè ní AA, kà sí ọjọ́ ìbí wọn. Dókítà ni o! Gbogbo oògùn tó mọ̀, kò wò ó sàn. Ẹni tí ọtí ti gbé ṣubú rí ló gbọ́ èdè rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣì ń ṣe náà nìyẹn. Wọ́n á jókòó, ẹni tó bá fẹ́ á dárúkọ àbísọ rẹ̀ nìkan, á ní ọ̀mùtí lòun, á ro tirẹ̀, wọn ò sì ní já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, kó gbọ́ ti ẹlòmíì. Wọ́n á gbé igbá kiri fún owó yàrá àti tíì, ẹni tó bá wù ló ń sọ nǹkan sí i. Kó ṣáà wù ọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí, o ti di ọmọ ẹgbẹ́. Ìgbésẹ̀ 12 láti bọ́ lọ́wọ́ ọtí ni wọ́n jọ ń tọ̀. Ẹni tó ti pẹ́ á fún ẹni tuntun ní nọ́ńbà tó lè pè lóru, nígbà tí òǹgbẹ bá ká a mọ́lé. Ẹ wá ìpàdé lórí ìkànnì AA. Àwọn kan ń ṣe é lórí fóònù. Ẹ sì lè béèrè ní ilé ìwòsàn, irú Àrò l'Abẹ́òkúta tàbí ti Yábàá l'Ékòó. Àmọ́ ẹni tó ti ń mu ún láràárọ̀ fún ọdún gbọọrọ, kó má kàn já a lójijì o. Ara lè máa gbọ̀n, kó máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, kí gìrì gbé e, ìyẹn sì lè pa èèyàn. Dókítà ni kó kọ́kọ́ rí.

Dírẹ́bà kan tí mo mọ̀ dé ẹnu géètì lẹ́ẹ̀mejì tó padà. Ó ní ojú ń ti òun, kí ẹni tó mọ òun má lọ rí òun. Ẹ gbọ́ ìtìjú! Ẹni tí gbogbo àdúgbò ti fà yọ nínú gọ́tà! Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wọlé. Ta ló bá lórí àga? Lánlọ́ọ̀dù rẹ̀. (Àwọn méjèèjì ló ní kí n sọ ọ́.) Ọdún kẹta rèé tí wọ́n jọ ń lọ, owó ilé nìkan ló ṣì ń dájà sílẹ̀ láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé dírẹ́bà náà ṣubú ní oṣù kẹrin tó ti ń lọ? Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fẹ̀gún sọ́wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, níbi òkú àgbà. Ó ní omi lòun fẹ́. "Ṣé o ti di àlùfáà ni?" "Ìgò kan péré ò pa èèyàn." Ọ̀kan nínú wọn yọ́ ògógóró dà sínú mọ́ọ̀tì rẹ̀. Òórùn ló ta á lólobó. Ó dìde, ó pe lánlọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin aláwàdà, ṣé ẹ máa da ṣúgà sínú ẹ̀kọ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kí ẹ tún máa rẹ́rìn-ín?

Ẹbí náà ńkọ́? Láti 1951 ni ẹgbẹ́ Al-Anon ti wà fún ìyàwó, òbí àti ọmọ ọ̀mùtí, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Mo sin màmá yẹn délé lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lójúlé. Ohun tó so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ìlẹ̀kẹ̀ ni ọtí inú ọ̀rá, oríṣi mẹ́rin. Mo bi wọ́n pé níbo lọmọ yín ti ń rà á. Wọ́n ní kì í rà á, ó kàn ń já a ni, àwọn á sì kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè.

Ẹ̀yin màmá! Ẹ ń já a fún un láàárọ̀, ẹ ń gbààwẹ̀ lé e lórí lálẹ́? Ẹ má ta ilẹ̀ yẹn. Ẹ já àwọn ọ̀rá wọ̀nyẹn wálẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kẹ́ ẹ sì sin ọmọ yín dé ẹnu géètì. Mo ti sọ fún yín, wọn ò ní gba kọ́bọ̀.