Ṣé Dandan Ni Kéèyàn Sùn Sídìí Olúmọ Kó Tó Gbọ́ Orin Abẹ́òkúta?

Bí ọdún bá ti ń lọ sópin báyìí, tí ìnáwó ń gun ara wọn, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará Èkó àti àwọn tó ń ti òkè òkun bọ̀ máa ń bi àwa tá à ń gbé Abẹ́òkúta: "Òtẹ́ẹ̀lì wo ló sún mọ́ Olúmọ jù? Ibi tí orin wà la fẹ́ wà." Kéèyàn tó lanu, ẹlòmíì á ti gbà á sọ: "Ìtòkú tàbí Aké ni kí ẹ sùn o. Àárín ìlú ni gbogbo nǹkan wà. Tí ẹ bá lọ dé sí Ìbarà tàbí Òkè-Mosàn, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan lẹ máa rí, ẹ ò ní gbọ́ ìró ìlù kankan."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ kì í ṣe òótọ́.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Àdúgbò Ìtòkò ni Àyìnlá Ọmọwúrà ti wá, ọkùnrin tó fi àpàlà da ìgboro rú títí wọ́n fi pa á nílé ọtí kan níbí ní oṣù Kárùn-ún ọdún 1980. Sákárà Yúsúfù Ọlátúnjí, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Lẹ́gbà, kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn àgbà wa látìgbà tó ti kú ní 1978. Abẹ́òkúta náà ni wọ́n bí Fẹlá sí ní 1938. Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo èyí, kò sí bí kò ṣe ní rò pé alaalẹ́ ni ìlù ń dún láàárín àwọn òrùlé ìpẹtà yẹn. Tó bá wá dé ẹnu géètì Olúmọ, àwọn onílù á pàdé rẹ̀, wọ́n á ki baba rẹ̀ dé baba ńlá rẹ̀, á fowó lé wọn lórí, á ní: "Ẹ ò rí i, mo sọ fún yín!" Àwọn onílù yẹn, àlejò ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá ti pa géètì, ilé oníkálukú ni wọ́n ń lọ.

Ohun tí a gbàgbé ni pé ilé àwọn olórin ńlá wọ̀nyí wà ní àdúgbò wọn o, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń jẹun. Orin òde ni àpàlà, orin òde ni sákárà. Ìsọmọlórúkọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìwúyè: ẹni tó ń náwó ló ń pe olórin wá síwájú ilé ara rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ta àtíbàbà sí ni orin wà lọ́jọ́ náà. Tí ọlọ́jọ́ bá jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, ọ̀nà Ìjẹ̀bú ni ọkọ̀ àwọn onílù ń kọrí sí, kí ará Ìtòkò tó fẹ́ gbọ́ wọn lọ múra. Kódà Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, London ló ti kọ orin rẹ̀ sínú àwo ní 1922. Fẹlá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ilé ẹbí wọn ní Ìsàbọ̀ ti di ibi àfihàn ohun àtijọ́, ó sì yẹ kéèyàn lọ wò ó, àmọ́ ọ̀sán ni wọ́n ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó ń wá Shrine, ilé orin tó ń jẹ́ orúkọ ti Fẹlá, Ìkẹjà ni kó yà, kó má wulẹ̀ sọdá Ṣàgámù.

Lóde òní wá, àtíbàbà ti di họ́ọ̀lù. Ẹ sọ̀kalẹ̀ láti Aké lọ sí Ìtòkú kí ẹ wò ó: ilé ń fara kan ilé, àpáta yọ orí láàárín ilé méjì, obìnrin kan sá àdìrẹ síwájú ilé débi pé ẹ ní láti fẹ̀gbẹ́ kọjá. Ibo ni olówó kan fẹ́ gbé ọkọ̀ àwọn àlejò rẹ̀ sí níbẹ̀? Ìdí nìyẹn tí ìnáwó ńlá fi kó kúrò lágbo ilé. Ọgbà àṣà June 12 ní Kútọ̀, àwọn gbọ̀ngàn inú ọgbà ìkàwé Ọbásanjọ́, àti àwọn họ́ọ̀lù tó wà káàkiri títí dé ọ̀nà Ọ̀bantókó, ibẹ̀ ni báńdì ń tò sí lọ́jọ́ Sátidé. Àjọ̀dún ìlù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn bẹ̀rẹ̀ ní 2016, Kútọ̀ ni wọ́n kó o lọ. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àjọ̀dún àwọn òǹkọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013: Aké ló ń jẹ́, Kútọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, títí wọ́n fi gbé e lọ sí Èkó ní 2018. Ẹni tó bá tìtorí orúkọ gba yàrá sí Aké nígbà náà, ojoojúmọ́ ló máa san owó ọkọ̀.

Ọ̀rọ̀ jíjìnnà gan-an kò tiẹ̀ yẹ kó dá ìjà sílẹ̀. Abẹ́òkúta kì í ṣe Èkó. Láti Ìbarà dé Ìtòkú kò tó ìrìn àjò. Ohun tó nira ni jíjáde láti Ìtòkú lọ́sàn-án Sátidé, nígbà tí àwọn oníbàárà àdìrẹ, kẹ̀kẹ́ Màrúwá àti ọkọ̀ aláṣọ ẹbí bá pàdé lójú títì kan náà. Ẹni tó ń ti Òkè-Ìléwó tàbí Ìbarà bọ̀ á ti jókòó, á ti jẹ ìrẹsì àkọ́kọ́, kí ẹni tó ní òun sùn sí àárín ìlú tó bọ́ sí Ṣàpọ́n.

Ti òru ló wá burú jù. Àwọn èèyàn ń gbé àárín ìlú, wọ́n sì ní ìgbésí ayé tiwọn: ìsọ́ òru lọ́jọ́ Jímọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìpè ìrun kí ilẹ̀ tó mọ́, mọ́tò tó ń wá ẹrù ọjà. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí. Àmọ́ ilé ọtí tó wà nísàlẹ̀ yàrá yín, tí ẹ rò pé orin Abẹ́òkúta ló máa wá, orin tí wọ́n ń lù ní Ìkẹjà ni wọ́n ń lù níbẹ̀, láti inú fóònù, pẹ̀lú sípíkà tó ti fọ́. Orin tó máa gba oorun lójú yín kọ́ ni orin tí ẹ bá wá.

Kí n má parọ́, àwọn òtẹ́ẹ̀lì apá Ìbarà náà ní wàhálà tiwọn. Púpọ̀ nínú wọn kọ́ họ́ọ̀lù mọ́ ara. Ẹ bi wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́: ṣé wọ́n ti gba họ́ọ̀lù yín ní Sátidé yìí? Fèrèsé yàrá yẹn, ṣé kò kọjú sí jẹnẹrétọ̀? Aago mélòó lẹ ń pa á? Ọmọ tó ń gbé fóònù á ní "Kò sí wàhálà, mà." Tí ẹ bá ní ará ìlú tó lè yà wò ó, kó bi ọlọ́dẹ ẹnu géètì. Òun ni kì í sùn, òun ló mọ̀.

Àwọn kan tún ti ń sọ pé kí èèyàn sùn sí itòsí ibùdókọ̀ ojú irin Laderin, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ló gbé wọn wá. Ẹ̀yìn ìlú ni Laderin wà. Ẹ sọ̀ níbẹ̀, ẹ gba takisí, ó parí.

Ohun kan wà tí ẹ̀yin obìnrin tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ béèrè, tí kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún àlejò. Ẹ̀gbá ń ṣe Orò. Bí Orò bá jáde ní àdúgbò kan, obìnrin kì í yọjú síta. Ẹni tó sùn sí agbo ilé àtijọ́ lásìkò bẹ́ẹ̀ lè wọ gèlè tán kó wá jókòó sínú yàrá. Ẹ bi onílé yín, kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣé orin ò wá sí ní àárín ìlú rárá ni? Ó wà. Òru àìsùn òkú àgbà nínú agbo ilé ní Ìtòkò tàbí Ìjẹmọ̀, kí họ́ọ̀lù ọjọ́ kejì tó ṣí, nígbà tí àwọn ìyàwó ilé ń jó yí ọgbà ká, tí bàbá arúgbó kan fa orin Bàbá Lẹ́gbà yọ láìní gbohùngbohùn, tí gbogbo ilé sì ń gbè é: ó dáa ju ohun tí báńdì máa lù lọ́la lọ. Lásìkò ọdún Lísàbí náà, ó tọ́ kéèyàn wà nítòsí ààfin Aké. Àmọ́ òtẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ń mú èèyàn wọ agbo ilé. Ẹni tó mọ orúkọ yín ló ń mú yín wọlé, ó sì ṣeé ṣe kó tẹ́ ẹní fún yín síbẹ̀ náà.

Nítorí náà, òde ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá yàrá. Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, ẹ pe ọ̀rẹ́ tó fẹ́ Ẹ̀gbá, ẹ béèrè ta ló ń náwó lọ́sẹ̀ yẹn, họ́ọ̀lù wo, olórin wo. Ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ kan tó máa gbé yín padà, kí ẹ sì bá a dá iye owó kí báńdì tó bẹ̀rẹ̀, torí lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́, iye tó bá wù ú ló máa pè. Tí ẹ ò bá sì tíì rí káàdì ìpè kankan gbà, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì.