Òòfà nìkan kò lè mú ọkọ̀ máa yí Àgùàlà po

Àwọn àgbà ti já irọ́ kan nípa Àgùàlà (Venus) tipẹ́: ó ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá oṣù ni, kì í ṣe ajá oṣù. Irọ́ mìíràn ṣì wà nílẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ sáyẹ́ǹsì pàápàá, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣàgámù: pé bí ọkọ̀ òfurufú bá ti sún mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì yẹn, òòfà rẹ̀, ìyẹn agbára tó fi ń fa nǹkan mọ́ra, á gbá a mú, ọkọ̀ á sì máa yí i po.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Òòfà tó ń fa ọkọ̀ bọ̀ ló ń fi kún eré rẹ̀. Bó bá kọjá tán, òòfà kan náà á gba eré ọ̀hún padà, ṣùgbọ́n kò ní gbà ju iye tó fún un lọ. Eré tí ọkọ̀ gbé ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ ṣì wà lára rẹ̀, òun ló máa gbé e lọ.

Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín. Láti àárín gbùngbùn Àgùàlà dé ojú ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 6,052. Ẹ fi 550 kún un, ká ní gíga tí ọkọ̀ fẹ́ gbà kọjá nìyẹn: 6,602. Ẹ fi pín 324,859, tí í ṣe òǹkà agbára òòfà Àgùàlà. Ẹ ó rí 49.2. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ wá tẹ √: 9.9. Ọkọ̀ tó bá ń sá ju kìlómítà 9.9 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan níbẹ̀ kò ní dúró, ohun tó bá sì ti òde wá máa ń sá ju bẹ́ẹ̀ lọ. (Kí ẹ tó ka ení dé ẹ̀rin, ó ti kúrò ní Ṣàgámù dé Ìjẹ̀bú-Òde. Dáńfó wo ló tó bẹ́ẹ̀?) Àfi kí wọ́n kọ ìdí ẹ́ńjìnnì síwájú, kí wọ́n tanná sí i níbi tó ti sún mọ́ ilẹ̀ jù lọ, kó fi ṣe bíréèkì.

Bí bíréèkì ọ̀hún bá já ńkọ́? Ẹ wo Akatsuki ti Jàpáànù. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2010, ìṣẹ́jú 12 ló yẹ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi jó. Kò ju bíi méjì àbọ̀ lọ tó fi kú. Iyọ̀ ló di fáàfù kan: gáàsì ara epo àti gáàsì ohun tó ń mú epo jó ló pàdé níbẹ̀ tí wọ́n di iyọ̀. Epo tó ń dé ẹ́ńjìnnì wá kéré, iná gbóná kọjá ààlà, ẹnu ẹ́ńjìnnì bàjẹ́. Òòfà Àgùàlà kò kúrò níbẹ̀ o. Ọkọ̀ sáà kọjá lọ, ó di oòrùn ló ń yí po fún ọdún márùn-ún.

Ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn ìyẹn dùn mọ́ wa gan-an. Wọ́n da nǹkan bíi kìlógíráàmù 65 ohun tó ń mú epo jó nù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́, nítorí ẹ́ńjìnnì ńlá kò lè lò ó mọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2015, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì kékeré mẹ́rin tí wọ́n ṣe fún yíyí ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní agbára newton 23, nígbà tí ti ńlá jẹ́ 500. Wọ́n jó fún ogún ìṣẹ́jú. Ó dúró! Ṣùgbọ́n bíréèkì kò lágbára tó, ìdí nìyẹn tí ìyípo tí wọ́n rò pé á gba wákàtí 30 fi ń gbà ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ.

Ẹlòmíì á ní afẹ́fẹ́ Àgùàlà nípọn, ìyẹn náà á dá a dúró. Magellan, ọkọ̀ ti Amẹ́ríkà, lo afẹ́fẹ́ ọ̀hún lóòótọ́ ní 1993, ní nǹkan bíi kìlómítà 140 sókè ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀ fún bíi ọjọ́ 70, kí ìyípo rẹ̀ lè kéré sí i. Rọ́kẹ́ẹ̀tì bíréèkì ló ti kọ́kọ́ mú un dúró ní 1990.