Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, ṣùgbọ́n ó ń gbóná o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Volkswagen Ìjàpá kò ní rédíétọ̀, pé kò lè gbóná láé, kí ẹni tó ń tún un ṣe nílé ju páànù ara ẹ́ńjìnì nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ àwọn ọmọ Múṣin bẹ́ẹ̀! Afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì yẹn. Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí dínámò àti fáànù, páànù yẹn ló ń darí afẹ́fẹ́ sára sìlíńdà. Ẹ yọ ọ́, afẹ́fẹ́ á fọ́n ká, ẹ́ńjìnì á nọ́ọ̀kì. Rọ́bà etí páànù náà (èyí táwọn kan ń gé sọnù torí fáàrí) ni kì í jẹ́ kí ooru ìsàlẹ̀ padà wọlé. Bí iná pupa dínámò bá tàn lórí afárá Third Mainland, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnì: bẹ́líìtì lè ti já.