Ààlà Kì Í Ṣe Ibi Tí A Ti Ń Gba Ẹ̀san Ogun

Àpáta ńlá méjì kan wà nínú òkun tó pààlà Kòréà Gúúsù àti Japan, tí àwọn àpáta kéékèèké yí wọn ká. Bí a bá wọn gbogbo wọn pọ̀, ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó éékà 50. Oko kò ṣeé dá lórí rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá tí Kòréà fi ṣọ́ ọ ló sì pọ̀ jù nínú ìwọ̀nba ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀. Dokdo ni Kòréà ń pè é, Takeshima ni Japan ń pè é, kò sì sí olórí ìjọba kan ní Seoul tàbí ní Tokyo tó jẹ́ dìde lónìí kó ní òun fi í sílẹ̀ fún ẹnìkejì. Ìwé ìròyìn yìí ń gbé ọ̀rọ̀ náà wá síwájú àwọn òǹkàwé wa ní Kàbà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà àti káàkiri ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ àwa Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, nítorí pé irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò, àti nítorí pé ohun kan pàtó wà tí a fẹ́ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Kogí àti àwọn ọba wa ṣe.

Ẹja pọ̀ nínú omi tó yí àpáta náà ká, àwọn kan á sì sọ pé tìtorí ẹja ni wọ́n ṣe ń jà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1998, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn lórí bí àwọn apẹja wọn yóò ṣe jọ máa pẹja lágbègbè náà, àdéhùn yẹn sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹja ṣeé pín. Ohun tí kò ṣeé pín ni ọdún tí Japan kọ àpáta náà mọ́ ilẹ̀ tirẹ̀. Oṣù kejì ọdún 1905 ni, nígbà tí Japan ń bá Rọ́ṣíà jagun, tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ti wà lórí ilẹ̀ Kòréà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n fi tipátipá mú Kòréà wọ abẹ́ àṣẹ Japan. Nígbà tó di 1910, wọ́n gba gbogbo ilẹ̀ náà, wọn kò sì kúrò níbẹ̀ títí ogun àgbáyé kejì fi parí ní 1945. Láàárín ìgbà náà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ fi ṣiṣẹ́ tipá nínú ihò kùsà àti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n sì kó àwọn ọmọbìnrin lọ sí àgọ́ ọmọ ogun láti máa fi wọ́n ṣe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ wọn. Lójú ọmọ Kòréà, àpáta yìí ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gba ìyókù.

Japan náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ó ní ilẹ̀ náà ti wà lábẹ́ òun lọ́nà òfin, àti pé àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní San Francisco ní 1951 kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ilẹ̀ tí òun gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́. Ní 1954, ó ní kí àwọn jọ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé. Kòréà kọ̀, ó ní ẹnìkan kì í lọ sí kóòtù nítorí ohun tó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún ìbáṣepọ̀ wọn ṣe ní 1965, Japan san 300 mílíọ̀nù dọ́là gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, ó sì yá Kòréà ní 200 mílíọ̀nù mìíràn, ṣùgbọ́n wọn kò yanjú ọ̀rọ̀ àpáta náà, wọn kò sì mẹ́nu kan àwọn obìnrin wọ̀nyẹn rárá. Owó wọlé, ẹ̀dùn ọkàn kò jáde. Ìjọba Japan jẹ́wọ́ ní 1993 pé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà, ó sì tọrọ àforíjì, èyí tó yẹ kí a yìn ín fún. Àmọ́ àwọn olóṣèlú kan níbẹ̀ kò yé gbé ọ̀rọ̀ náà mì, àti pé ní 2005 ìpínlẹ̀ Shimane ní Japan ya ọjọ́ 22 oṣù kejì sọ́tọ̀ láti máa fi ṣe àjọyọ̀ Takeshima. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé bí Lee Myung-bak, ààrẹ Kòréà Gúúsù nígbà náà, ṣe tẹ ẹsẹ̀ sórí àpáta náà ní 2012, tàbí bí kóòtù Kòréà ṣe dá àwọn òṣìṣẹ́ tipá láre ní 2018, egbò kan náà ni wọ́n ń tẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Ṣáínà àti Japan lórí àwọn erékùṣù Senkaku, tí Ṣáínà ń pè ní Diaoyu. Oṣù kìíní ọdún 1895 ni Japan gbà á, nígbà tí ogun àwọn méjèèjì ṣì ń lọ. Nígbà tí ìjọba Japan ra mẹ́ta nínú wọn lọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, àwọn ará Ṣáínà tú jáde sí ìgboro, ìwọ́de náà sì le jù ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ọjọ́ tí wọ́n máa ń fi rántí bí Japan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba Manchuria, apá àríwá ìlà-oòrùn Ṣáínà, ní 1931.

Àwọn kan á ní bí ayé ṣe rí nìyẹn, pé ẹni tí a ṣẹ̀ kì í gbàgbé. A gbà pé kì í gbàgbé, àmọ́ a kò gbà pé dandan ni kí ìrántí rẹ̀ di ìjà ilẹ̀. Jámánì pa àwọn ará Pólándì ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù nígbà ogun àgbáyé kejì. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gba ilẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ Jámánì fún Pólándì, wọ́n sì lé àìmọye àwọn ará Jámánì kúrò nílé baba wọn, tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ní ohun tí wọ́n lè fi bínú títí ayé. Ní ọjọ́ 7 oṣù kejìlá ọdún 1970, olórí ìjọba Jámánì Ìwọ̀-oòrùn, Willy Brandt, kúnlẹ̀ ní Warsaw níwájú òpó ìrántí àwọn Júù tí wọ́n pa níbẹ̀. Ní ọjọ́ yẹn kan náà ló fọwọ́ sí àdéhùn pé odò Oder àti Neisse ni ààlà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìlú rẹ̀ ni inú wọn kò dùn sí i. Síbẹ̀, ìkúnlẹ̀ náà dá ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ogun lóhùn, àdéhùn náà dá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lóhùn, nígbà tí Jámánì méjèèjì sì di ọ̀kan ní 1990, wọ́n tún fi ìwé fi ìdí ààlà náà múlẹ̀.

Nàìjíríà pàápàá ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Títí dòní, àwọn ènìyàn ṣì ń sọ pé Gowon ló fi Bakassi san oore tí Kamẹrúùnù ṣe fún wa nígbà ogun abẹ́lé. Ohun tí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé gbé ìdájọ́ Bakassi kà ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni àdéhùn tí Bírítéènì bá Jámánì ṣe ní 1913, ṣáájú kí Lugard tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù ti kóòtù bọ̀, wọ́n jókòó ṣe àdéhùn ní Greentree, ní New York, ní 2006, wọ́n sì parí ìfilélọ́wọ́ ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2008 láìjagun. Àwọn apẹja tí ilé wọn wà níbẹ̀ ló jìyà rẹ̀ jù, ìjọba wa kò sì tíì ṣe tó fún wọn. Ìyẹn kò ní kí a má gbà pé ó sàn ju ogun lọ.

Ní ilẹ̀ Òkun, ogun Tápà ni ọ̀rọ̀ tiwa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun láti Bídà ń kó Bùnú, Ìyàgbà, Ìjùmú, Owé àti Ọ̀wọ́rọ̀ lẹ́rú, wọ́n sì ń fi ènìyàn gba ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn ìlú sá gun orí òkè. Oṣù kìíní ọdún 1897, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ òwò àwọn ará Bírítéènì, dé Kàbà, tí wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bídà, ni ìyà náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, kì í ṣe gbogbo wọn ló padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ìjà ààlà wa ti ṣẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí bí a bá dé orí ilẹ̀ tí ìlú méjì ń jà sí. Wọ́n á mú ẹni tó ń wọn ilẹ̀ dé ìdí pèrègún. Ìlú kan á ní baba àwọn ló gbìn ín nígbà tí wọ́n ti orí òkè bọ̀. Ìlú kejì á ní ogun ni kò jẹ́ kí àwọn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ibojì baba àwọn ṣì wà nínú igbó lẹ́yìn pèrègún ọ̀hún. Àwọn méjèèjì lè máa sọ òótọ́. Láìpẹ́, ẹnìkan á pariwo pé baba àwọn tọ̀hún ló bá Tápà ṣe, tó ta àwọn ẹlòmíràn. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni kò ní wo pèrègún mọ́.

Ìdúró wa ni pé kí a gbọ́ ẹ̀dùn ogun níbi tí a ti ń gbọ́ ẹ̀dùn, kí a sì fi ẹ̀rí ilẹ̀ àti ìgbé ayé àwọn tó wà lórí rẹ̀ dá ẹjọ́ ilẹ̀. Ẹni tó bá kó méjèèjì sínú àpò kan ń ṣe ara rẹ̀ lóore ni, pàápàá nígbà ìbò, nígbà tí wọ́n máa ń fi Tápà, Ẹbira tàbí Ìgalà dẹ́rù bà wá kí a má baà béèrè ọ̀nà àti omi.

Nítorí náà, a ń pe ìjọba ìpínlẹ̀ láti gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí yóò gba ìtàn ogun náà sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọmọ Tápà àti àwọn ará àdúgbò wa yóò wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tiwa, tí wọn yóò sì kọ ohun tí àwọn tiwa náà ṣe sí ara wọn láìfi bò. Kí ìgbìmọ̀ náà má ní àṣẹ kankan lórí ilẹ̀. Lọ́tọ̀, kí àwọn ọba àti ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà-Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Mùrò àti Ìyàgbà méjèèjì jọ wọn àwọn ààlà tí ìjà wà lórí rẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán wọn, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà sí ààfin ìlú méjèèjì tí ọ̀rọ̀ kàn. Àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹni tó fojú rí i ti ń tán lọ. Kí iṣẹ́ gbígba ìtàn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí.