Àmì ohùn kọ́ ló ń pa ètò yín

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi ìpàdé àwa tí à ń kó ìtàn àwọn àgbà jọ sínú kọ̀ǹpútà níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ̀gbọ́n kan tún dìde. Wọ́n ní ká bọ́ gbogbo àmì kúrò lára ìwé tó ti Kétu wá, torí pé àmì orí ọ̀rọ̀ ló ń jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ìwé náà máa kú. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ, lẹ́nu ọmọdé, lẹ́nu àgbà, lẹ́nu àwọn tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà gan-an. Ó ti sú mi. N kò lè já ọ̀rọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n lẹ́nu láàárín àwùjọ, n kò sì ní sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ fara jọ ọ́.

Java, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, la fi kọ ètò wa. Ó ń ka ìwé, ó ń gé e sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣírò iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan jẹ yọ. Kó lè yá, thread mẹ́jọ, ìyẹn òṣìṣẹ́ inú ètò, ló ń ṣe é pọ̀, bí àgbẹ̀ mẹ́jọ tó jọ wọ oko kan. Àárín iṣẹ́ ló máa ń dákẹ́, tí NullPointerException á yọ sójú kọ̀ǹpútà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé ètò nawọ́ láti mú nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ bá òfo. Lónìí á kú sí ojú ìwé kẹwàá, lọ́la á kú sí ogójì, lọ́túnla kò ní kú rárá. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan ti tó fún ẹni tó bá fẹ́ rò ó. Bó bá jẹ́ àmì orí “ọ̀nà” ló ń pa á, ibi tí “ọ̀nà” wà ni ì bá máa kú sí lójoojúmọ́.

Mo gbà kí n dán an wò. Mo mú ìwé Kétu yẹn pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, mo fi thread kan ṣoṣo kà á, léraléra. Kò kú lẹ́ẹ̀kan. Mo wá ṣe fáìlì mìíràn tó jẹ́ nọ́ńbà nìkan, láti 1 dé 100000, tí kò sí àmì kan, tí kò tiẹ̀ sí Yorùbá kan níbẹ̀, mo kó thread mẹ́jọ lé e lórí. Ó kú. Mo tún un ṣe, ó tún kú.

HashMap ni ibi tó ti ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn ibi tí ètò ń kó ọ̀rọ̀ àti òǹkà wọn sí. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àyè 16 ló ń ní. Tí nǹkan inú rẹ̀ bá ti ju 12 lọ, á ṣí àyè ìlọ́po méjì, 32, lẹ́yìn náà 64, ó ń lọ bẹ́ẹ̀. Fún nọ́ńbà 100000 tí mo kó sí i, ìgbà 14 ló yẹ kó fẹ̀. Kóòdù Java wà ní gbangba, mo sì ṣí i wò: láti Java 8, àyè tuntun tó ṣófo ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi rọ́pò ti àtijọ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọ inú rẹ̀.

Ẹ fojú inú wo ìyá oníata kan ní ọjà Ouando. Igbá kékeré kún, ó gbé igbá ńlá síwájú pẹpẹ, ó gbé kékeré sẹ́yìn, kó tó máa da ata. Oníbàárà tó bá dé ní ìṣẹ́jú yẹn á yọjú sínú igbá ńlá, kò ní rí nǹkan kan, á ní ata ti tán. Bẹ́ẹ̀ ata wà lẹ́yìn. Bí thread kan bá ń kó ẹrù lọ́wọ́, tí èkejì wá béèrè òǹkà ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀, null, ìyẹn òfo, ni wọ́n máa fún un; bó bá sì nawọ́ mú un, ètò kú nìyẹn. Àwọn tó ṣe Java sì ti kọ ọ́ sínú àlàyé HashMap pé bí thread tó ju ẹyọ kan bá ń lò ó, tí ọ̀kan sì ń fi nǹkan kún un, ẹni tó ń kọ ètò ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ ọ.

“Ṣùgbọ́n nígbà tí a bọ́ àmì, kò kú mọ́.” Mo mọ̀. Ẹ wo igba, 200. Igbá tí a fi ń bu omi. Ìgbà tí í ṣe àkókò. Igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ. Mẹ́rin ni wọ́n nínú ìwé tó ní àmì. Ẹ bọ́ àmì, wọ́n di ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ síra dín kù, HashMap kì í fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, àyè tí àjálù fi ń wọlé wá kéré. Olè ṣì wà nínú ilé, ẹrù ilé lẹ dín kù. À ń fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Lójú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà ni lẹ́tà ẹ, 7865. Lẹ́tà ɛ kékeré tí a ń kọ ní Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín, 603. Àmì òkè tó dá dúró, 769. Kò sí null nínú wọn. Ọdún 1965 ni Tony Hoare, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, mú null wọ èdè kọ̀ǹpútà ALGOL W, òun fúnra rẹ̀ ló sì pè é ní àṣìṣe bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2009. Kò sẹ́ni tó ń ro ti àmì ohùn wa nígbà yẹn.

Ó dáa, àmì lè dá wàhálà mìíràn sílẹ̀: èèyàn lè tẹ ẹ́ lọ́nà méjì tí ètò á fi kà á sí ọ̀rọ̀ méjì. Ìyẹn á ba òǹkà jẹ́, kò ní pa ètò.

Àbúrò kan tilẹ̀ ní òun ti tún un ṣe: bó bá jẹ́ null, kí ètò fò ó. Ètò kò kú mọ́ lóòótọ́. Ìwé kan náà la kà lẹ́ẹ̀mẹta, iye mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló jáde.

ConcurrentHashMap, irú HashMap tí wọ́n ṣe fún thread púpọ̀, ni mo fi rọ́pò HashMap, pẹ̀lú computeIfAbsent tó ń fi òǹkà síbẹ̀ bí kò bá tíì sí, mo sì fi LongAdder, òǹkà tí thread púpọ̀ lè jọ máa fi kún, ṣe òǹkà. Kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Thread mẹ́jọ ti ń ka ìwé Kétu láti ìgbà náà, àmì rẹ̀ pé pérépéré, iye kan náà ló ń jáde.

Ìwé tó ti Ṣábẹ̀ẹ́ wá ló ń dùn mí. Lọ́dún tó kọjá, kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti bọ́ àmì rẹ̀, àti ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, wọn ò sì tọ́jú ti tẹ́lẹ̀. Èmi àti ọmọ ìyá tó sọ ìtàn náà la jọ ń dá wọn padà báyìí. Ojú ìwé kọkànlá la dé lánàá, a bá “oko re sonu”. Ọkọ́ rẹ̀ ni, àbí ọkọ rẹ̀? Gbólóhùn tó tẹ̀ lé e gba méjèèjì. Ẹnu ìyá la ti tẹ̀ ẹ́ tààrà, a ò gba ohùn wọn sílẹ̀, ìyá sì ti kú nígbà ọyẹ́.